Àkọ́sórí Ìtumọ̀ Kọ́ Ni Ìmọ̀ Ọ̀rọ̀

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́, àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ Yorùbá, débi pé agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́: pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan dájú, kó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, kó wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, kó sì kọ́ ọ sórí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ní ìtumọ̀ kan, yóò kọ́ ọ̀kan. Bó bá ní mẹ́wàá, yóò kọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni tí ìtumọ̀ bá sì pọ̀ jù lọ lágbárí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Inú èrò yìí ni ìwé àjákọ olójú méjì ti wá, èyí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama máa ń fa ìlà sí láàárín, tí yóò kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí apá òsì, tí yóò sì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo sí apá ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì rẹ̀. Inú rẹ̀ náà ni ìdájọ́ kíákíá ti wá, pé ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ lò kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni. Àròkọ yìí takò èrò náà. Ohun tó dúró lé lórí ni pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ onítumọ̀ púpọ̀ kì í dá gbé inú ọ̀rọ̀ náà, pé àwọn ọ̀rọ̀ tó bá a rìn nínú gbólóhùn ló ń yàn án, àti pé ẹni tó ka ìtumọ̀ jọ láìmọ àwọn alábàárìn ọ̀rọ̀ kò tíì mọ ọ̀rọ̀ náà, bó ti wù kí àkọ́sórí rẹ̀ gùn tó.

Ọ̀rọ̀ onítumọ̀ púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń jẹ́ iṣẹ́ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn iṣẹ́ náà sì tan mọ́ ara wọn. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá èdè káàkiri ayé ń pè é, Michel Bréal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló sọ ọ́ di mímọ̀ nínú ìwé tó gbé jáde lórí ìmọ̀ ìtumọ̀ ní 1897. Ó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ méjì tó kàn jọ ara wọn ní ìpè àti ní kíkọ, bíi “bank” tó jẹ́ bèbè odò àti “bank” tó jẹ́ ilé ìfowópamọ́. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì gbà wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ti ìfowópamọ́ sì ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì wá, tí wọ́n ń pe àga gbọọrọ tí àwọn olùpààrọ̀ owó ń kówó lé ní “banca”. Ó tún yàtọ̀ sí pọ́n-na, èyí tí í ṣe gbólóhùn tó ṣeé túmọ̀ sí ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí olùgbọ́ kò sì mọ èwo ni kó mú. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ onítumọ̀ púpọ̀ ti pọ̀ tó nínú èdè, pọ́n-na kò wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ẹni tó bá mọ ìdí tí kò fi wọ́pọ̀ ti mú ọ̀rọ̀ yìí ní gbòǹgbò.

Ọ̀rọ̀ ìṣe “run” ni kí àwọn tó gbà pé àkọ́sórí ni ìmọ̀ kọ́kọ́ dáhùn fún. Peter Gilliver, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú Oxford English Dictionary, lo ohun tó ju oṣù mẹ́sàn-án lọ lórí ọ̀rọ̀ kan yìí nígbà tí wọ́n ń tún ìwé náà ṣe, iye ìtumọ̀ tó sì yà sọ́tọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣe jẹ́ 645. Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀ ọ̀rọ̀ ni kíka ìtumọ̀ rẹ̀ lórí, kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan láyé tó mọ “run”, títí kan ọ̀jọ̀gbọ́n tó kàwé jù nínú wọn, nítorí kò sí ẹni tó lè ka 645 náà láìwo ìwé. Síbẹ̀ àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò kàwé dé ibì kankan ń lò ó fún odò tó ń ṣàn, fún ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, fún imú tó ń yọ omi, fún ẹni tó ń du ipò àti fún ẹni tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù, kò sì ṣì í lò lẹ́ẹ̀kan. Ó ní láti jẹ́ pé ohun mìíràn ni àgbẹ̀ náà mọ̀, ohun náà kì í sì í ṣe àkójọ ìtumọ̀.

Yorùbá fúnra rẹ̀ ń fi ohun náà kọ́ ọmọ rẹ̀ láti kékeré. Ọ̀rọ̀ ìṣe “pa” kò ju kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ́lì kan lọ, síbẹ̀ wọ́n ń pa adìẹ, wọ́n ń pa iná, wọ́n ń pa àlọ́, wọ́n ń pa òwe, wọ́n ń pa àṣẹ, wọ́n ń pa irọ́. Oníṣòwò ń pa owó, ọmọ ogun ń pa àgọ́, ebi ń pa ènìyàn, òjò ń pa aṣọ tó wà lórí okùn, ọtí sì ń pa ẹni tó mu ún yó. Bí “mọ́” bá tẹ̀ lé e, “pa òfin mọ́” di òdìkejì pípa pátápátá, nítorí ẹni tó pa òfin mọ́ kò ṣe òfin ní ibi kankan, ó ń tọ́jú rẹ̀ ni; bí “dé” bá tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn tàbí ojú ni wọ́n ń pa dé; bí “dà” bá tẹ̀ lé e, ohun náà ti yí padà. Kò sí ìyá kan nílẹ̀ Yorùbá tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ láti ka àwọn ìtumọ̀ wọ̀nyí fún un ní ení, èjì, ẹ̀ta. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí ìyá àgbà ní kó lọ pa iná ilé ìdáná kì í wá ọ̀bẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù kì í bà á bí wọ́n bá ní bàbá àgbà fẹ́ pa àlọ́. “Iná” ló sọ irú “pa” tí àkọ́kọ́ jẹ́ fún un, “àlọ́” ló sì sọ ìkejì. Àwọn onímọ̀ lè máa jiyàn bóyá “pa” kan ni gbogbo wọn tàbí “pa” méjì mẹ́ta tó jọ ara wọn, àríyànjiyàn náà sì ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò dí ọmọ náà lọ́wọ́, nítorí àbọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ orúkọ tó gba iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, ti yanjú ọ̀rọ̀ kí iyè méjì tó dé. Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn: ẹni tó bá bá rìn ló ń pinnu ohun tí yóò jẹ.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀rí yìí ti hàn jù fún òǹkàwé Yorùbá ni “charge”, ọ̀rọ̀ tó ti di tilé-toko débi pé ẹni tí kò kàwé náà ń sọ pé fóònù òun kò ní cháàjì mọ́. Ẹrù ni ìpilẹ̀ rẹ̀. “Carrus” ni kẹ̀kẹ́ ẹrù nínú Látìn, láti ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó túmọ̀ sí kí á di ẹrù lé kẹ̀kẹ́ ti jáde, Faransé gbà á lọ́wọ́ Látìn, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ Faransé. Láti orí ẹrù kẹ̀kẹ́ ló ti di owó tí wọ́n bù lé oníbàárà, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ènìyàn, iṣẹ́ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ẹni, iná tí wọ́n fà sínú bátìrì, àti ìrọ́lù tí ẹran tàbí ọmọ ogun rọ́ lu ọ̀tá. Ìtàn yìí dùn ún gbọ́, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀, tó sì ti kọ́ ìtumọ̀ márààrún sórí, kò tíì lè kọ gbólóhùn kan tó gún.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ “The police charged him for stealing” mọ̀ pé “charge” túmọ̀ sí kí á fi ẹ̀sùn kan ènìyàn. Kò sí ohun tó kù nípa ìtumọ̀ tí ìwé atúmọ̀ èdè tún lè fi kún un fún un. Ohun tí kò mọ̀ ni pé “charge” ti ẹ̀sùn ń bá “with” rìn, pé “for” ni alábàárìn “charge” ti owó, bíi ti káfíńtà tó gba owó ilẹ̀kùn, àti pé “at” ni ti màlúù tó sá lu ọmọ. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni wọ́n ń pe irú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí, tó ń tọ́ka ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ kan fi so mọ́ òmíràn, àwọn sì ni ìwé àjákọ olójú méjì kì í kọ sílẹ̀ rárá. Èyí tó tún lágbára jù ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín “in charge of” àti “in the charge of”. Bí wọ́n bá kọ “The nurse is in charge of the child”, nọ́ọ̀sì ló ń tọ́jú ọmọ. Bí wọ́n bá kọ “The child is in the charge of the nurse”, nọ́ọ̀sì náà ló ṣì ń tọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ ni olùwà gbólóhùn báyìí, ìyẹn ẹni tí gbólóhùn ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá yọ “the” kékeré náà kúrò nínú gbólóhùn kejì ti fi ọmọ ṣe ọ̀gá lórí nọ́ọ̀sì. Ìtumọ̀ “charge” kò yí padà nínú méjèèjì, ìtọ́jú àti àṣẹ náà ni. Alábàárìn onílẹ́tà mẹ́ta ló yí ọ̀gá padà sí ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Kò sí àkọ́sórí ìtumọ̀ tó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n rí i pé àkójọ ìtumọ̀ kò lópin, tí wọ́n wá sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ di ìtumọ̀ ìpilẹ̀ kan ṣoṣo mú, pé láti ibẹ̀ ni yóò ti máa fa ìyókù yọ. Èrò yìí sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ran ìrántí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun náà kò tó. Bí ìpilẹ̀ bá tó, ẹni tó mọ̀ pé ẹrù ni “charge”, tó sì mọ̀ pé ẹrù náà ni “load”, ì bá lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì níbikíbi. Ẹnu àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti dá wọn lóhùn: wọ́n ń lóòdù káàdì, wọ́n sì ń cháàjì fóònù, kò sì sí ẹni tó ń cháàjì káàdì tàbí tó ń lóòdù bátìrì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “recharge card” ni wọ́n kọ sí ara káàdì náà. Ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ ń ṣàlàyé ohun tí àṣà ti yàn. Kò lè yàn án fún àṣà.

Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé àwọn tó ń gbé àkọ́sórí lárugẹ máa ń fi ìwé atúmọ̀ èdè ṣe ẹlẹ́rìí, nígbà tí àwọn tó ṣe ìwé náà kò fìgbà kan sọ ohun tí wọ́n ní wọ́n sọ. A. S. Hornby, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ni ní Jàpáàn, ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní Tokyo ní 1942, tí ilé iṣẹ́ Oxford tún tẹ̀ jáde ní 1948, tó sì ti di Oxford Advanced Learner’s Dictionary tí kò ṣàjèjì nínú àpò ọmọ ilé ìwé kankan ní Nàìjíríà. Hornby kò dúró lórí ìtumọ̀. Ó to àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀nà ìgbékalẹ̀ 25, ó sì fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe láti fi irú ọ̀rọ̀ tó lè tẹ̀ lé e hàn. Àmì wọ̀nyí ni ojú akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò kọjá, nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún un pé àwọn àmì náà wà lára ìmọ̀ ọ̀rọ̀. Michael West, tó ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Bengal, gbé àkójọ bíi 2,000 ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1953, ó sì fi iye ìgbà tí wọ́n ń lo ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn nínú ìdá ọgọ́rùn-ún, kí olùkọ́ lè mọ èyí tó yẹ ní kíkọ́ ṣáájú, kó má baà kó gbogbo rẹ̀ lé ọmọ lórí lọ́jọ́ kan. J. R. Firth, ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀dá èdè gbogbogbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ni pé àwọn tí ọ̀rọ̀ ń bá kẹ́gbẹ́ ni ènìyàn yóò fi dá a mọ̀. Nígbà tí John Sinclair àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Birmingham sì fi kọ̀ǹpútà kó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ, tí wọ́n gbé ìwé atúmọ̀ èdè COBUILD jáde ní 1987, odidi gbólóhùn ni wọ́n fi ṣe ìtumọ̀ inú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà fara hàn láìsí àwọn tó ń bá a rìn. Gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí wà fún kíkà. Àṣà ìwé olójú méjì ń lọ bí ẹni pé wọn kò sí.

Ibi tí àṣà náà ti ń ṣe ìpalára jù ni ibi tí ààlà ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì kò ti bára mu. Ọmọ tó ní “Please borrow me your biro” yóò gba ìbáwí, wọ́n á sì sọ fún un pé Yorùbá ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé ọ̀rọ̀ kan, “yá”, ló ń jẹ́ iṣẹ́ méjèèjì nínú Yorùbá, ti ẹni tó fúnni àti ti ẹni tó gbà, àwọn alábàárìn rẹ̀ ló sì ń fi ìhà tí owó kọjú sí hàn: “ó yá mi lówó” yàtọ̀ sí “ó yá owó lọ́wọ́ mi”, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó ń ṣi méjèèjì gbé fún ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ náà fún ọ̀rọ̀ méjì, “lend” àti “borrow”. Bí olùkọ́ bá sọ èyí fún ọmọ náà ní gbólóhùn kan, tó sì fi kún un pé Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń ṣe bíi ti “yá” nídìí “rent”, níbi tí “from” ti ń tọ́ka sí ẹni tó fi ilé háyà tí “to” sì ń tọ́ka sí ẹni tó gba ilé, ọmọ náà yóò rí i pé òun kì í ṣe òpè, àti pé ohun tí òun ti mọ̀ nílé ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òun nílé ìwé, ní aṣọ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ “gbọ́” tún fi ibòmíràn hàn. Yorùbá ń gbọ́ ohùn, ó ń gbọ́ èdè, ó ń gbọ́ ìmọ̀ràn, ó sì ń gbọ́ òórùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé àwọn “hear” òórùn ọbẹ̀. Olùkọ́ tó bá kàn fagi lé e, tó ní kí ọmọ kọ ọ́ sórí pé “smell” ni gbígbọ́ òórùn, ti yọ ọ́ nínú kòtò kan sínú òmíràn, nítorí “smell” náà ní ojú méjì: ó jẹ́ gbígbọ́ òórùn, ó sì jẹ́ rírùn. “I smell smoke” túmọ̀ sí pé òórùn èéfín dé imú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. “I smell”, láìsí àbọ̀ kankan, túmọ̀ sí pé ara onítọ̀hún ló ń rùn. Yorùbá ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, Gẹ̀ẹ́sì kó wọn jọ, ó sì fi àbọ̀ ṣe ààlà. Ọmọ tó kọ́ ìtumọ̀ sórí láìkọ́ àbọ̀ mọ́ ọn yóò bú ara rẹ̀ láìmọ̀, ẹ̀bi náà kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, àwọn tó ń fi òfin lé Yorùbá jáde ní kíláàsì kí Gẹ̀ẹ́sì lè dán mọ́rán ń kó irinṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ẹnu ni òfin lè mú. Kò lè mú ọkàn ọmọ, níbi tí “yá” àti “gbọ́” ti ń ṣiṣẹ́ lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ wọn, fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Pé ìjìyà ṣì wà fún sísọ Yorùbá ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé títí di òní jẹ́ ohun tó yẹ kó dun ẹni tó bá ní ìfẹ́ ọmọ, kì í ṣe ẹni tó ní ìfẹ́ Yorùbá nìkan.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìdánwò ló ń béèrè àkọ́sórí, pé olùkọ́ kò ní ìgbà láti máa ka alábàárìn ọ̀rọ̀. Ìdánwò náà jẹ́rìí takò wọ́n. Nínú ìdánwò JAMB, ìyẹn ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, nígbà tí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan jù lọ, inú odidi gbólóhùn ni wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, nítorí àwọn tó ṣètò rẹ̀ mọ̀ pé láìsí gbólóhùn, ìdáhùn méjì nínú mẹ́rin lè tọ̀nà. Kíláàsì ló ń bọ́ ọ̀rọ̀ sí ìhòòhò. Kódà iṣẹ́ tó yẹ kó wo àìsàn yìí sàn, èyí tí olùkọ́ ti ń ní kí ọmọ fi ọ̀rọ̀ sínú gbólóhùn, ti di asán lọ́wọ́ àṣà. Ọmọ yóò kọ “This is a charge”, olùkọ́ yóò sì máàkì rẹ̀ pé ó gbà á, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn náà kò fi hàn pé ọmọ mọ ohunkóhun. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dán an wò rọrùn: kí wọ́n nu ọ̀rọ̀ náà kúrò, kí wọ́n fún ọmọ mìíràn ní ìyókù, kí wọ́n sì wò ó bóyá yóò mọ ọ̀rọ̀ tó sọnù. “This is a” kò lè sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. “The shop repaired her radio free of” yóò mú “charge” wá sí ẹnu ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó kà á dé òpin.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ máàkì nìkan ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má le tó báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ onítumọ̀ púpọ̀ ń tẹ̀ lé ènìyàn dé ibi tí ó ti ń fọwọ́ sí ìwé. “Severally” ni àpẹẹrẹ tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Ní Nàìjíríà, lẹ́nu àwọn tó kàwé, “léraléra” ni ó túmọ̀ sí: ẹni tó ní òun pe ènìyàn “severally” pè é lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí Oxford English Dictionary fi ọ̀rọ̀ àti ìlò 29 láti inú Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà kún ara rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, ìtumọ̀ yìí wà lára wọn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tó ń sọ èdè ló ni ín. Inú ìwé kan náà ni wọ́n fi “eat money” sí, èyí tí ẹnikẹ́ni tó ti gbọ́ pé wọ́n jẹ owó ìlú mọ ilé rẹ̀. Àwọn tó ń pe gbogbo irú èyí ní àṣìṣe kò rí bí èdè ṣe ń dàgbà. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbà pé nígbà tí Oxford ti gbà á, ó ti parí, náà kò rí ohun tó wà níwájú wọn. Nínú ìwé ìdúró, ìyẹn ìwé tí onídùúró ń fọwọ́ sí láti dúró fún gbèsè ẹlòmíràn, “severally” kì í rìn pẹ̀lú “called” tàbí “told”. “Jointly and” ló ń ṣáájú rẹ̀, “liable” sì ń tẹ̀ lé e tàbí kó ṣáájú. Níbẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn onídùúró ni wọ́n lè dá mú láti san gbogbo gbèsè náà pátá, láìwo ti àwọn yòókù. Onídùúró mẹ́ta lè fọwọ́ sí ìwé gbèsè kan, kí ẹnì kan nínú wọn sì máa rò pé ìdá kan nínú mẹ́ta ló kan òun. Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí “severally” jẹ́ “léraléra” fún nìkan yóò ka ìlà náà kọjá bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti máa béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá rìn yóò rí “jointly” lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò dúró, yóò sì béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò kí ó tó mú báírò.

Kò sí ohun tí àròkọ yìí ń béèrè tó ju agbára olùkọ́ kankan lọ, ìbáà jẹ́ ní ìlú ńlá tàbí ní abúlé tí kò ní iná. Kò gba owó, kò gba ẹ̀rọ, kò sì dúró de ìjọba. Kí olùkọ́ tó bá kọ “charge” sí pátákó lọ́la kọ “with”, “for”, “at” àti “of” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó fi gbólóhùn kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi Yorùbá sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kí ó tó ní kí ẹnikẹ́ni ṣí ìwé atúmọ̀ èdè.